Owó Iná Aláìní: Bí A Ṣe Ń Bá Aṣòfin Amẹ́ríkà Sọ Ọ́

Ètò kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní LIHEAP. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan san lára owó iná mànàmáná, gáàsì tàbí epo tí wọ́n fi ń mú ilé móoru nígbà òtútù. Ní àwọn ibòmíràn, ó tún ń bá wọn san owó iná tí ẹ̀rọ amúlétutù ń jẹ nígbà ooru. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 ìdílé ló ń jàǹfààní rẹ̀ lọ́dún. Ṣùgbọ́n kò ní owó kan tó dá a lójú. Social Security, owó tí àwọn arúgbó ń gbà, kì í dúró de ìdìbò ọdọọdún kí ó tó jáde. Ẹni tó bá ti tó sí i, òfin ní kí wọ́n fún un. Ti LIHEAP kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí àwọn aṣòfin bá dìbò fún lọ́dún kan náà ló wà nínú ìkòkò. Bí ìkòkò bá ti gbẹ, ẹni tó kù lórí ìlà á padà sílé lọ́wọ́ òfo, ìbáà jẹ́ pé ó tó sí i ju àwọn tó ti bù lọ. Nínú ìdílé márùn-ún tàbí mẹ́fà tó yẹ kó rí i gbà, bóyá ni ju ẹyọ kan lọ ń rí i.

Nítorí èyí, wọ́n gbọ́dọ̀ tún owó náà béèrè lọ́dọọdún. Bíbéèrè yẹn ti di iṣẹ́ tó ní àsìkò, tó ní ọ̀nà, tó sì ní àwọn àṣìṣe tó ń ba òtítọ́ jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Chicago, Houston, Baltimore àti New York, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gbà pé ọ̀rọ̀ aṣòfin kò kan ẹni tí kì í ṣe òṣèlú. Wọ́n ti mọ irú aṣòfin tí a ní nílé. Ti ibẹ̀ yàtọ̀ ní ọ̀nà kan: ọ́fíìsì aṣòfin Amẹ́ríkà máa ń ka iye ìpè tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀wọ́ngógó epo tó bá ayé ní 1973 àti 1979 ló bí ètò yìí. Owó epo tí wọ́n fi ń mú ilé móoru fò sókè, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ìlà-oòrùn bíi Maine àti Vermont. Lẹ́yìn ìrànwọ́ pàjáwìrì lóríṣiríṣi, òfin ìṣúná tí Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 1981 gbé LIHEAP kalẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ń pín owó náà fún àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn yẹn ló sì ń yan ẹni tí yóò gbà á láàárín ààlà tí òfin pa. Ilé tí arúgbó, aláàbọ̀ ara tàbí ọmọ kékeré wà ni wọ́n ń fi ṣáájú. Bí wọ́n bá fẹ́ já iná ẹnì kan, ètò náà gbọ́dọ̀ dìde sí i láàárín wákàtí 48. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, wákàtí 18. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé àṣẹ tí òfin fi sọ iye tí ètò náà lè ná ti parí láti 2007, wọn kò sì tíì tún un ṣe. Láti ìgbà náà, ìdìbò owó ọdọọdún nìkan ló gbé e dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló ń fi ọwọ́ kan owó yìí. Ní 2009 àti 2010, ó ju bílíọ̀nù 5 dọ́là lọ. Nígbà tí Ààrẹ Obama gbé àbá ìṣúná 2012 jáde, ó ní kí wọ́n gé e sí nǹkan bí ìdajì. Àwọn aṣòfin gé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gé e tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo àbá ìṣúná tí Ààrẹ Trump kọ ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ní kí wọ́n pa ètò náà rẹ́ pátápátá, èyí tó kọ fún 2026 náà sì tún sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ dá gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó LIHEAP dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ilé méjèèjì jókòó lórí owó lọ́dún náà, wọ́n fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 4 dọ́là sílẹ̀ fún un. Ààrẹ ń dábàá, àwọn aṣòfin ló ń pín owó. Bí ẹ bá gbọ́ lórí ìròyìn pé Ààrẹ ti pa owó iná rẹ́, ẹ má sọ̀rètí nù, ẹ má sì bú ẹnikẹ́ni. Ìgbà náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún ni ó yẹ kí àbá Ààrẹ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pẹ́. Láàárín ìgbà náà sí oṣù kẹrin tàbí karùn-ún, aṣòfin kọ̀ọ̀kan máa ń kọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi owó sí, á fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń pín owó. LIHEAP wà lábẹ́ ẹ̀ka tó ń rí sí iṣẹ́, ìlera àti ẹ̀kọ́. Àsìkò yìí náà ni lẹ́tà àjọkọ, èyí tí ọ̀pọ̀ aṣòfin jọ ń fi orúkọ sí, máa ń kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Sénétọ̀ Susan Collins ti Maine, tó jẹ́ Republican, àti Sénétọ̀ Jack Reed ti Rhode Island, tó jẹ́ Democrat, ti jọ ń ṣáájú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lórí owó yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà ooru, ìgbìmọ̀ á jókòó, á kọ iye. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ọdún ìṣúná bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tí mo rí pé ó wọ́pọ̀ jù wà nínú àsìkò yìí. Oṣù kejìlá, nígbà tí yìnyín ti bo ilẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe aṣòfin. Nígbà náà, ohun tó ṣẹ́ kù fún un láti ṣe kò pọ̀ mọ́. Lẹ́tà àjọkọ ti lọ láti oṣù kẹrin, iye ti wà nínú ìwé láti oṣù keje. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìdílé kan rí owó gáàsì lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí òtútù ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń ronú nípa rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí NEUAC, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ iná jọ, fi máa ń kó ènìyàn lọ sí Washington ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Iye owó nìkan kọ́ ni ìyà máa ń ti wá. Ní 2025, àwọn aṣòfin kò fẹnu kò, ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá di ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá. Owó tí àwọn ìpínlẹ̀ sábà máa ń rí gbà kí òtútù tó mú kò jáde títí di ìparí oṣù kọkànlá. Kò sí ẹni tó gé dọ́là kan nínú rẹ̀ lásìkò náà, ṣùgbọ́n ẹni tí táńkì epo rẹ̀ ti gbẹ ní Minnesota kò lè mọ ìyàtọ̀.

Ta ló yẹ kó sọ̀rọ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pín owó náà ní àdúgbò ló mọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún jù, ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí wọ́n fi owó ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́bì. Wọ́n lè ṣàlàyé bí ètò ṣe ń lọ, wọ́n lè sọ iye ẹni tó tò síta. Wọn kò lè fi owó náà rọ aṣòfin pé kó dìbò báyìí. Ìjọ, mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ní ìwé ẹgbẹ́ aláàánú lè rọ̀ ọ́ ní ìwọ̀nba, bí kò bá ti di olórí iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tú jù lọ ni ẹni tó ń gbé agbègbè náà, tó ń san bíìlì níbẹ̀. Kò di dandan kó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ́fíìsì máa béèrè ni zip code, láti mọ̀ bóyá ẹ wà lábẹ́ aṣòfin tiwọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ kò tíì dúró, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, lè jẹ́ kí aládùúgbò bá òun sọ ọ́. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ìpè fóònù dára. Nọ́ńbà ilé aṣòfin ní Washington ni 202-224-3121, wọ́n á so yín mọ́ ọ́fíìsì tí ẹ bá dárúkọ. Lẹ́tà tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ dára ju èyí tí ẹgbẹ́ kan ti tẹ̀ sílẹ̀ tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn kàn fi orúkọ sí. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ aṣòfin fúnra wọn ti sọ fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà pé ìbẹ̀wò ẹni tó ń gbé agbègbè wọn ló ń wọ̀ wọ́n lára jù. Kò sì di dandan kí ẹ dé Washington. Gbogbo aṣòfin ló ní ọ́fíìsì nílé. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé bá wà ní ìsinmi, wọ́n máa ń wà ládùúgbò, ara wọn sì máa ń balẹ̀ díẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì náà, ẹni tí yóò jáde sí yín lè jẹ́ ọmọ ọdún 25. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára àgbàlagbà wa: ṣé ọmọ kékeré yìí ni mo fi gbogbo àárọ̀ wọ ọkọ̀ wá bá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọmọ yẹn ló ń kọ ìwé tí aṣòfin máa kà kó tó wọ ìpàdé, òun ló sì máa sọ fún un pé àwọn ènìyàn Baltimore wá. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni ẹ ó rí gbà, nígbà mìíràn ní ìdúró nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹ kí i dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ títí ìṣẹ́jú márùn-ún á fi lọ. Ẹ dárúkọ ara yín, ẹ dárúkọ àdúgbò yín, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní gbólóhùn kan: ẹ fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ fi orúkọ sí lẹ́tà àjọkọ lórí LIHEAP, kí ó sì béèrè fún iye báyìí. Kí iye náà jẹ́ nọ́ńbà. Bí ẹ bá kàn sọ pé "kí wọ́n ran aláìní lọ́wọ́", á mi orí, á dúpẹ́, kò sì ní rí nǹkan kan kọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìtàn. "Owó iná ti wọ́n jù" kì í ṣe ìtàn. Òun náà ń san bíìlì. Ìtàn ní ilé kan nínú, ó ní oṣù, ó ní iye. Bí àpẹẹrẹ: màmá kan tó ti lé ní 70 ọdún, tó ń pa híítà lálẹ́ kí owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè pé, tí bíìlì oṣù kìíní rẹ̀ gba ìdámẹ́ta owó tó ń wọlé fún un. Ẹ mú bíìlì náà dání bí ó bá gbà. Bí màmá náà bá lè wá fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní ẹnu ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa túmọ̀. Bí kò bá fẹ́ kí orúkọ òun jáde, ẹ má dá a. Àwọn kan máa ń fẹ́ fi ẹkún àti ìbínú ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, pàápàá bí wọ́n bá mọ̀ pé aṣòfin ọ̀hún kì í ṣe ti ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹni tí ẹ bú lónìí ni ẹ ó tún padà wá bá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìdílé aláìní ń ná tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí àwọn yòókù ń ná lórí iná àti gáàsì, bí a bá fi owó tó ń wọlé fún wọn wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lórí ìwé kan ṣoṣo tí ẹ máa fi sílẹ̀, pẹ̀lú iye ìdílé tó ń gba ìrànwọ́ náà ní ìpínlẹ̀ yín. Ìwé kan tó. Bí ẹ bá kó ìwé ogún lé wọn lọ́wọ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń lọ.

Wọ́n á bi yín ní ìbéèrè, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú. Èyí tó le jù ni ti jìbìtì. Ní 2010, GAO, àjọ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò fún àwọn aṣòfin, yẹ ìwé ìpínlẹ̀ méje wò, Maryland, Illinois àti New York wà lára wọn. Ó rí i pé nǹkan bíi ìdá 9 nínú 100 ìdílé tó gba owó ló ní orúkọ tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò tọ̀nà nínú ìwé wọn, àwọn òkú wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà wà níbẹ̀. Ẹ má jiyàn rẹ̀, nítorí òótọ́ ni. Ohun tí ẹ ó sọ ni pé lẹ́yìn ìwádìí náà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nọ́ńbà Social Security, wọ́n sì ń fi í wé ìwé ìjọba. Àti pé lọ́pọ̀ ìgbà, tààrà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ iná ni owó náà ń lọ. Ẹni tó bá sá fún ìbéèrè yìí ló ń ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́.

Ìbéèrè kejì rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ènìyàn: ṣebí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ní òfin pé wọn kò gbọdọ̀ já iná ẹnikẹ́ni nígbà òtútù, kí ni wọ́n tún ń fi LIHEAP ṣe? Òfin yẹn wà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kò san gbèsè. Bíìlì ń gorí bíìlì láti oṣù kọkànlá, bí ó bá di oṣù kẹrin, ilé-iṣẹ́ á wá já a. Èyí tó burú jù ni pé òfin náà de ilé-iṣẹ́ tó ń fi wáyà tàbí páìpù gbé iná àti gáàsì wá. Ẹni tó ń ra epo tàbí gáàsì propane tí ọkọ̀ ń gbé wá sílé kò sí lábẹ́ rẹ̀: bí kò bá sí owó, ọkọ̀ kò ní dúró. Àwọn ará abúlé Maine mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí aṣòfin Republican láti irú ibẹ̀ fi máa ń gbèjà owó yìí ju bí àwọn ará ìlú ńlá ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ ooru ńkọ́? Fún àwọn tó wà ní Houston àti Atlanta, òun ló jẹ wọ́n lógún. Ìlànà tí wọ́n kọ́kọ́ fi pín owó náà tẹ̀ sí òtútù, ó gbe àwọn ìpínlẹ̀ àríwá. Ní 1984, àwọn aṣòfin kọ ìlànà mìíràn tó ka ooru náà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àfi bí owó ọdún náà bá ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ ni ó tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì tún fi ààbò sí i kí ìpín àwọn ìpínlẹ̀ òtútù má bàa já wálẹ̀ jù. Ooru sì ń pa ènìyàn. Ní oṣù keje 1995, ooru ọjọ́ díẹ̀ pa ju 700 ènìyàn lọ ní Chicago, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó tó ń dá gbé. Àwọn kan rò pé kí ará Texas lọ bá ará Maine jà lórí ìpín. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àpapọ̀ owó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlànà tó ka ooru mọ́ ọn ṣe ń ríṣẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn jà, ẹni tó fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ló máa jèrè.

Ilé-iṣẹ́ iná náà ń ṣe lọ́bì fún LIHEAP. Kò yani lẹ́nu. Àpò wọn ni owó náà ń bọ́ sí. Ẹ lè jọ lọ, agbára wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá yín lọ béèrè ìrànwọ́ ní oṣù kẹta lè wà níwájú ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń pinnu owó iná ní oṣù kẹfà, tí ó ń béèrè pé kí wọ́n gbà á láyè láti fi owó kún iye iná. Ẹ máa lọ sí ibẹ̀ náà.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbójú fò. Wọ́n sún mọ́ni, ìpè mẹ́wàá lè mì wọ́n. Ohio ti ní ètò kan láti 1983 tí aláìní fi ń san ìwọ̀n kan nínú owó tó ń wọlé fún un, dípò iye tí mítà kọ. Maryland ní owó ìrànwọ́ tirẹ̀ tí òfin 1999 dá sílẹ̀, tí gbogbo oníbàárà iná ń dá díẹ̀díẹ̀ sí. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ni àwọn aṣòfin ibẹ̀ fi ń jókòó, láti oṣù kìíní sí ìkẹrin. Ti Texas ló yẹ kí àwọn ará Houston fi kọ́gbọ́n. Ní 1999 kan náà, òfin Texas dá owó kan sílẹ̀ tó ń dín bíìlì aláìní kù, láti ara owó díẹ̀ tí gbogbo oníbàárà ń san. Nígbà tó yá, àwọn aṣòfin ń gba owó náà lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ná púpọ̀ nínú rẹ̀ fún aláìní mọ́. Wọ́n jẹ́ kí ìyókù jókòó sí àkáǹtì kí ìṣúná ìpínlẹ̀ lè dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọdún ni oníbàárà fi ń san án láìmọ ibi tó ń lọ. Ní 2016, owó náà tán, wọ́n sì pa ètò náà tì. Àwọn aṣòfin Texas kì í jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì, àfi bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá dé, nítorí náà ẹni tó bá pàdánù sáà kan á dúró pẹ́.

Lẹ́yìn ìbẹ̀wò, ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì tún dárúkọ ohun tí ẹ béèrè nínú rẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà àjọkọ bá jáde, ẹ wò bóyá orúkọ aṣòfin yín wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ pè láti dúpẹ́. Bí kò bá sí, ẹ pè láti béèrè ìdí. Àbá owó ọdún tó ń bọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì. Ẹ wá orúkọ aṣòfin yín kí oṣù náà tó dé.